Àwọn Tó Ní Ẹlẹ́dàá Ayé Kò Mọ Ìyá Rẹ̀

Ọ̀kpá gbígbóná ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Valentinus ní Enugu. Ẹni tó bá ti sùn mọ́jú nílùú náà yóò mọ ọ̀kpá: ẹ̀pà róbótó kan báyìí tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń fi epo pupa pò, tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé tàbí ọ̀rá kí wọ́n tó sè é. Ó jọ mọ́ín-mọ́ín lójú, kò jọ ọ́ nínú ikùn, nítorí ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan láàárọ̀ lè máà rántí oúnjẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ sẹ́mínárì kan nínú sùtánì funfun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà ń ra tirẹ̀. Ìyá ọlọ́kpá ń pè é ní Fadá, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣì ku ọdún mẹ́ta. Nígbà tó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, kò béèrè Èkó, kò béèrè ẹ̀wà àgànyìn. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀yin Yorùbá gbà pé ẹni tó mọ èèyàn mutí yó lẹ́nu iṣẹ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á nítàn fún wa. Ọbàtálá ni wọ́n ní ó mu ẹmu ju bó ṣe yẹ lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, tó wá mọ arọ, tó mọ abuké, tó mọ àfín. Ọmọ náà mi orí. Ó ní òun ní ìdánwò lọ́jọ́ Ajé lórí àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ àdámọ̀ ayé àtijọ́, àti pé ọkùnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Valentinus, tó kọ́ àwọn èèyàn pé ẹni tó dá ayé tí a ń gbé yìí kì í ṣe Ọlọ́run tó ga jù, pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní ìyá. "Tiyín mutí yó," ló wí, "tiwọn fọ́jú." Ó san owó ọ̀kpá méjì, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà kù sí lọ́wọ́.

Bigard ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, sẹ́mínárì ńlá tí ìjọ Àgùdà fi ń kọ́ àwọn tí yóò di fadá nílẹ̀ Ìgbò. Láti 1924 ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti fìdí kalẹ̀ sí Enugu láti 1951. Orúkọ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń jẹ́, Stéphanie àti Jeanne Bigard, àwọn ará Faransé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ ní ìlú Caen ní 1889 kí àwọn ọmọ onílẹ̀ lè di àlùfáà nílẹ̀ wọn. Francis Arinze tó di kádínà kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì padà wá kọ́ àwọn mìíràn níbẹ̀; ìwé tó kọ nígbà tó wà ní Róòmù dá lórí ẹbọ nínú ẹ̀sìn Ìgbò. Nítorí ilé ẹ̀kọ́ yìí ni orúkọ àwọn kan tí wọ́n ti kú láti bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, Basilides, Valentinus, Marcion, ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń rìn kọjá ní Ọgbẹtẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Wọn ò jáde fún ìyìn o. Wọ́n ń kọ́ wọn bí ọmọ ṣe ń kọ́ orúkọ ejò, kó lè mọ èyí tó ní oró.

Nọ́sítíìkì ni wọ́n ń pè wọ́n. Gnosis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì, ìmọ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ìmọ̀ ilé ìwé, kì í ṣe ti ẹni tó mọ ìṣirò. Ìmọ̀ bí ọmọ ṣe ń mọ ohùn ìyá rẹ̀ nínú òkùnkùn ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì pe ara wọn ní Nọ́sítíìkì rárá. Onígbàgbọ́ ni wọ́n pe ara wọn, tàbí ọmọ Séètì, ọmọ kẹta Ádámù. Àwọn ọ̀tá wọn ló kó wọn pọ̀ sínú àpò kan, tó so ó lẹ́nu. Àwa náà mọ irú rẹ̀; ìgbà kan wà tí Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, tí Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí kò sẹ́ni tó ń pe gbogbo wa ní Yorùbá. Nítorí náà, bí mo bá ní "àwọn Nọ́sítíìkì gbà pé", kí òǹkàwé mọ̀ pé ará ilé kan lè wà níbẹ̀ tí kò gbà bẹ́ẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù Irenaeus, ẹni tó wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé, tó kọ ìwé márùn-ún takò wọ́n ní nǹkan bí ọdún 180, ní Símónì oṣó ni baba gbogbo wọn, ẹni tí Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8 ròyìn pé ó fẹ́ fi owó ra agbára Ẹ̀mí Mímọ́ lọ́wọ́ Pétérù. Èmi ò gbára lé èyí púpọ̀. Ẹni tó bá ń bá èèyàn jà máa ń wá baba burúkú fún un. Ibi tí ilẹ̀ ti le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀ ìtàn ni Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kejì. Ìlú ìwé ni, Gíríìkì, Júù àti ará Íjíbítì ń gbé ibẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, oníkálukú ń ka ìwé ẹnìkejì. Ibẹ̀ ni Basilides ti kọ́ni. Ibẹ̀ ni Valentinus ti kẹ́kọ̀ọ́, kó tó kọjá sí Róòmù ní nǹkan bí ọdún 140. Tertullian ará Kátéèjì, ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ló sọ fún wa pé ọkùnrin náà mọ̀wé, pé ẹnu rẹ̀ dùn, pé ó retí láti di bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Tertullian ní inú tó bí i ló sọ ọ́ di aládàámọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ òfófó lásán. Ohun tó dájú ni pé inú ìjọ ló ti jáde. Kì í ṣe àlejò.

Kí wá ni wọ́n ń sọ? Gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí ojú ń rí: ọmọdé ń kú, ìkà ń là, ejò ń bu olóko jẹ. Bí Ọlọ́run bá dára, tó sì lágbára, ta ló ṣe èyí? Ìjọ dáhùn pé ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ni. Àwọn Nọ́sítíìkì ní rárá, ẹ padà sẹ́yìn sí i, ẹ kọjá Ádámù, ẹ kọjá ẹni tó dá Ádámù. Valentinus àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Baba kan wà tí ẹnu ò lè ròyìn, tí wọ́n ń pè ní Ibú. Ẹnìkejì rẹ̀ ni Ìdákẹ́jẹ́. Láti ara àwọn méjì yìí ni àwọn mìíràn ti jáde ní méjì méjì, akọ àti abo, títí wọ́n fi pé 30. Ayérayé ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, gbogbo wọn lápapọ̀ sì ni Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Àbíkẹ́yìn nínú wọn ni Sophia, ìyẹn Ọgbọ́n.

Ọgbọ́n ló bà á jẹ́. Àbí ká ní ìfẹ́ ló bà á jẹ́, nítorí ohun tó fẹ́ kò burú: ó fẹ́ mọ Baba. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀ ọ́n lóun nìkan, láìsí ẹnìkejì rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ ọ́n tán. Ó ta gìrọ́ gìrọ́ títí ó fi fẹ́ẹ̀ yọ́ dànù sínú ìjìnlẹ̀ náà. Wọ́n dá a dúró létí bèbè, àmọ́ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ti di ohun kan tí kò ní ìrísí, bí oyún tó bàjẹ́, wọ́n sì gbé e sọ síta. Láti inú ìbẹ̀rù ohun tí wọ́n gbé sọ síta yìí, láti inú ìbànújẹ́ rẹ̀, láti inú ìdààmú rẹ̀, ni ilẹ̀ àti omi àti gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn ti wá. Ẹkún rẹ̀ di omi. Ẹ̀rín rẹ̀ di ìmọ́lẹ̀. Ó wá bí ọmọ kan tí kò rí òkè rí, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ayé bí ẹni tó ń kọ́lé láìrí àwòrán.

Irenaeus ka gbogbo èyí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Fún mi, ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ti dùn jù. Ó ní òun ti gbọ́ pé ẹkún Ọgbọ́n ló di omi, ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹkún níyọ̀, omi òkun nìkan ni èyí sì lè ṣàlàyé. Omi odò àti omi òjò ńkọ́? Bóyá òógùn ara rẹ̀ ni. Níbòmíràn ó ní bó bá jẹ́ pé èèyàn lè máa fi orúkọ bó ṣe wù ú ya ohun tí kò rí, òun náà lè ní Elégédé kan wà ní àtètèkọ́ṣe, kí òun fi Òfìfo tì í, kí wọ́n wá bí Kùkúńbà àti Bàrà, kí gbogbo ìran èso wọ̀nyí sì di ìpìlẹ̀ ayé. Ìwà babaláwo tó ń fi babaláwo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣẹ̀sín, kò parọ́ tó bí àwọn kan ṣe rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ìwé àwọn èèyàn náà gan-an, wọ́n rí i pé ibì kan tó ròyìn nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ bá ìwé tí wọ́n ń pè ní Ìwé Àṣírí Jòhánù mu. Ó ti ka nǹkan tó jọ ọ́.

Ìwé Àṣírí Jòhánù yìí ló dá mi padà sọ́dọ̀ Ọbàtálá. Nínú rẹ̀, ọmọ tí Ọgbọ́n bí láìsí ọkọ ní ara ejò àti ojú kìnnìún. Yaldabaoth lorúkọ rẹ̀. Wọ́n tún ń pè é ní Saklas, òmùgọ̀, àti Samael, afọ́jú ọlọ́run. Ìyá rẹ̀ fi ìkùukùu bò ó kí àwọn yòókù má bàa rí i. Ó jí agbára ìyá rẹ̀ gbé, ó dá àwọn aláṣẹ tirẹ̀, ó wò yíká, kò rí ẹlòmíràn, ó sì kéde pé Ọlọ́run òjowú ni òun, pé kò sí òmíràn. Ìwé náà fèsì pẹ̀lú làákàyè tí agbẹjọ́rò yóò gbóríyìn fún: bí kò bá sí òmíràn, ta ló ń jowú sí? Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ ara Ádámù. Áńgẹ́lì 365 ló pín iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tó mọ etí ọ̀tún yàtọ̀ sí ẹni tó mọ ti òsì, ìwé náà sì ka orúkọ wọn lọ rẹẹrẹ. Wọ́n ṣe é tán, ara náà sùn sílẹ̀ gbalaja, kò lè dìde. Ìgbà tí àwọn ará òkè tan Yaldabaoth pé kó fẹ́ atẹ́gùn sí ojú rẹ̀ ló tó mira. Atẹ́gùn yẹn ni agbára ìyá rẹ̀ tó jí. Ó bọ́ kúrò lára rẹ̀, ó wọnú èèyàn, èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ju àwọn tó mọ ọ́n lọ.

Ọmọ Yorùbá tó bá ka èyí yóò sọ pé òun mọ ìtàn yìí. Ọbàtálá ló ń mọ ara. Bó ti wù kó mọ ọ́n dáadáa tó, yóò sùn sílẹ̀ bí ère títí Olódùmarè yóò fi fún un ní ẹ̀mí. Ẹni tó mọ ọ́n kò ní ohun tó ń jí i. Àṣìṣe wà lọ́wọ́ amọ̀kòkò, ẹ̀mí sì ti ibòmíràn wá. Títí débẹ̀, a jọ ń lọ ni. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn àṣìṣe. Ọbàtálá mọ̀ pé òun ti ṣìṣe, ó kábàámọ̀, ó sì gba àwọn tó ti ṣàṣìṣe lára wọn sọ́dọ̀. Ẹni òrìṣà ni wọ́n, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín, títí di òní àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fẹnu kan ẹmu. Yaldabaoth kò mọ̀. Nítorí pé kò mọ̀, ayé di túbú, ara di ẹ̀wù tí wọ́n fi dè wá, gbogbo ìràwọ̀ ojú ọ̀run di wọ́dà. Lọ́dọ̀ wa, ọjà ni ayé, èèyàn wá ná an, yóò padà sílé. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí wọ́n jí gbé ni èèyàn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló le tó báyìí o. Ptolemy, ọmọ ẹ̀yìn Valentinus, kọ lẹ́tà kan sí obìnrin kan tó ń jẹ́ Flora, lẹ́tà náà ṣì wà. Ó ń ṣàlàyé Òfin Mósè fún un pẹ̀lú sùúrù, bí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó fún wọn ní Òfin kì í ṣe Ọlọ́run pípé, kì í sì í ṣe èṣù. Ó wà láàárín, ó jẹ́ olódodo lásán. Lẹ́yìn náà ó ní kí arábìnrin má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nípa ibi tí àwọn yòókù ti wá, òun yóò kọ́ ọ lọ́jọ́ mìíràn, bó bá yẹ ní ẹni tó ń gba ẹ̀kọ́ tí àwọn àpọ́sítélì fi lé wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń fa èèyàn wọlé nìyẹn. Ilẹ̀kùn kìíní ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí yìí ló ń mú àwọn ará Enugu lára le, èmi náà pẹ̀lú wọn. Ní ìlú tí ìwé ìlẹ̀mógiri ìtúsílẹ̀ wà ní gbogbo ìkóríta, bí o bá sọ "ọgbọ́n ìkọ̀kọ̀", ohun tó ń wá sí èèyàn lọ́kàn ni ẹgbẹ́ òkùnkùn, owó ètùtù, àti Ìwé Mósè Kẹfà àti Keje tí àwọn kan ń tà lábẹ́ tábìlì. Ti àwọn Nọ́sítíìkì yàtọ̀ sí èyí. Àṣírí wọn kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ohun tí wọ́n ní wọ́n mọ̀ kò ju pé ta ni a jẹ́, níbo ni a ti wá, ibo ni wọ́n sọ wá sí, báwo ni a ṣe máa jáde. Síbẹ̀, wọ́n ní apá tó jọ ọfọ̀. James Bruce, ará Scotland tó lọ wá orísun odò Náílì dé Etiópíà, ra ìwé kan ní Íjíbítì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nínú rẹ̀ ni Ìwé Jeu méjèèjì wà. Ohun tó kún ibẹ̀ ni àmì, iye, àti orúkọ tí ọkàn òkú gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gun òkè: ní ẹnubodè yìí, fi àmì yìí hàn, mú iye yìí dání, pe orúkọ yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ á sì yà fún ọ. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Onitsha dé Enugu láìpẹ́, tó ka igi tí wọ́n dábùú ọ̀nà, yóò lóye ìrìn àjò yẹn láìsí olùkọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, awo kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ohun tó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ ọ́n ni. Ọmọ á lọ gbé lọ́dọ̀ ojúgbọ̀nà, á máa gbọ́ ẹsẹ̀ Ifá láàárọ̀, á máa pọn omi lálẹ́, títí odù yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Àwọn dibia, ìyẹn babaláwo ilẹ̀ Ìgbò, tó ń dá Afa ní Nsukka, tí kò jìnnà sí Enugu, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú odù 16 tí a ní lára Ifá ló wà lára Afa tiwọn náà. Ohun tí Basilides sọ jọ èyí: ó ní Glaucias, ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún Pétérù, ló kọ́ òun. Àwọn ará Valentinus ní Theudas tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Pọ́ọ̀lù ló kọ́ baba àwọn. Wọ́n ní ẹnu sí etí ni, kò sí lórí ìwé.

Idà tí Irenaeus fi gé èyí rọrùn. Ó ní bí àwọn àpọ́sítélì bá ní àṣírí, ta ni wọn ì bá sọ ọ́ fún bí kò ṣe àwọn tí wọ́n fi ìjọ lé lọ́wọ́? Ó wá ka àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù bí akígbe ṣe ń ka orúkọ ọba láàfin: Linus, Anacletus, Clement, títí dé Eleutherius tó wà lórí oyè nígbà tó ń kọ̀wé, ìkejìlá. Gbangba la ti ń jọba, ló wí. Ẹni tó ní wọ́n fi òun jẹ ní ìyẹ̀wù kó mú ẹlẹ́rìí wá. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìjọ ti ṣẹ́gun, kì í ṣe nípa àríyànjiyàn lórí Ọgbọ́n tó ṣubú. Aráàlú ò lè tú 30 Ayérayé palẹ̀, àmọ́ gbogbo èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń to orúkọ ọba.

Ohun kan tún wà tó mú kí àwọn èèyàn kúrò lẹ́yìn wọn. Wọ́n pín èèyàn sí mẹ́ta: ará ẹ̀mí, ará ọkàn, ará ẹrẹ̀. Ará ẹ̀mí yóò rí ìgbàlà dandan. Wọ́n ní bí wúrà bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, wúrà ṣì ni. Ará ọkàn, ìyẹn àwọn Onígbàgbọ́ lásán, lè rí ibì kan jókòó sí bí wọ́n bá hùwà rere. Ará ẹrẹ̀ ń padà sẹ́rẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ sí ilé ìjọsìn tí wọ́n ti ń wò ó bí ará ọkàn? Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn kan náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún obìnrin ju tàwọn yòókù lọ. Nínú Ìhìnrere Màríà, tí wọ́n rà ní Kairo ní 1896, Màríà Magidalénì ló ń tu àwọn àpọ́sítélì nínú, Pétérù ló ń bínú pé ṣé obìnrin ni Olúwa máa bá sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Tertullian bínú bákan náà, ó ní àwọn obìnrin wọn láyà, wọ́n ń kọ́ni, wọ́n ń jiyàn.

Nígbà tí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kọ lẹ́tà Àjíǹde rẹ̀ ní 367, tó to ìwé 27 tí Májẹ̀mú Tuntun ní, tó sì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú àwọn ìwé ìkọ̀kọ̀, àwọn kan ní òkè Íjíbítì kó tiwọn sínú ìkòkò, wọ́n dé e, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Bóyá nítorí lẹ́tà yẹn ni, bóyá nítorí ẹ̀rù mìíràn. Ìwé aláwọ ni wọ́n. Nínú awọ èèpo wọn, wọ́n rí ègé ìwé òwò tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 341, 346 àti 348.

Ìkòkò náà sùn títí di December 1945. Muhammad Ali, àgbẹ̀ kan láti abúlé al-Qasr nítòsí Nag Hammadi, sọ lẹ́yìn náà pé ilẹ̀ rírọ̀ tó dà bí ajílẹ̀ lòun ń wà lẹ́sẹ̀ òkè Jabal al-Tarif nígbà tí ọkọ́ òun kan nǹkan. Ẹ̀rù bà á pé àlùjọ̀nnú lè wà nínú rẹ̀. Ó tún rò ó pé wúrà lè wà níbẹ̀. Ta ni kò mọ ìrò méjì yẹn? Nílẹ̀ Ìgbò tàbí nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá hú ìkòkò tó ní ìdérí, ohun méjì náà ló máa rò. Wúrà borí ẹ̀rù, ó fọ́ ọ. Ìwé ló bá níbẹ̀: 12, àti ewé díẹ̀ láti inú ìkẹtàlá, èdè Kóptíkì, àkọsílẹ̀ 52 lápapọ̀. Ó kó o lọlé, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ìyá rẹ̀ fà nínú rẹ̀, ó fi dáná. A kì í dá obìnrin tó ń wá nǹkan fínná lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Ọgbọ́n ló ń jó. Àwọn yòókù gba ọwọ́ oníṣòwò kọjá kí wọ́n tó dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Kóptíkì ní Kairo, ó sì di 1977 kí ọ̀mọ̀wé James Robinson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mú gbogbo rẹ̀ jáde pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Ìhìnrere Tọ́másì. Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀, kò sí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ Jésù 114 péré ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá Nọ́sítíìkì ni. Èmi, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ló dá mi dúró: Dídímù Júdà Tọ́másì. Tọ́másì, ìbejì ni lédè Árámáìkì. Dídímù, ìbejì ni lédè Gíríìkì. Ìbejì ta ni? Àwọn Onígbàgbọ́ ilẹ̀ Síríà ayé ìgbà náà ní Jésù gan-an ni. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ dé gbòǹgbò yóò rí i pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó jọ òun.

Mo bi ọmọ sẹ́mínárì náà ní èyí nígbà tí a tún pàdé, lẹ́yìn ìdánwò rẹ̀. Ó ní Ìgbò ní chi. Chinua Achebe ti kọ àròkọ kan lé e lórí: chi ni ìkejì èèyàn ní ilẹ̀ ẹ̀mí, ẹni tó bá a pín ọ̀nà. Mo ní àwa náà ní ẹnìkejì lọ́run, a sì ní orí, tí a yàn nílé Àjàlá. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí òkè Udi. Ó ní ní Enugu níbí, èédú ló kọ́kọ́ mú ìjọba aláwọ̀ funfun wá; wọ́n rí i ní 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915. "Ẹ wo èédú, Ọ̀gá. Dúdú ni, tútù ni, iná sì wà nínú rẹ̀. Valentinus á ní ẹ wà á jáde, ẹ jẹ́ kí òkè náà wó. Irenaeus á ní Ọlọ́run ló dá òkè." Mo bi í léèrè pé èwo ló gbà. Ó ní Irenaeus, ó sì yára fi kún un pé ní 2018 ni Póòpù Francis ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pe ẹ̀kọ́ Nọ́sítíìkì ní ọ̀tá ìwà mímọ́. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àwọn baba ńlá òun ti wà nínú ihò yẹn, nínú èédú. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Iva Valley lọ́jọ́ 18 November 1949, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21, kò ní tètè dá ẹni tó ní ọ̀gá burúkú kan ló ń ṣàkóso ayé lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì yìí ni Mani, ẹni tó dá ẹ̀sìn tirẹ̀ sílẹ̀, gbé dé òpin. Ní 216 ni wọ́n bí i ní Babilóníà. Nígbà tó di ọmọ ọdún 12, ẹnìkejì rẹ̀ fara hàn án. Nígbà tó pé 24 ó padà wá, ó ní àkókò tó, kó jáde. A mọ èyí láti inú ìwé kékeré kan tó wà ní Cologne ní Jámánì, tí gíga ojú ewé rẹ̀ kò ju sẹ̀ńtímítà mẹ́rin ààbọ̀ lọ, ìwé téèyàn lè fi pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Ọba Páṣíà fi Mani sẹ́wọ̀n, ó kú síbẹ̀ láàárín 274 sí 277, ẹ̀sìn rẹ̀ sì rìn dé Ṣáínà. Augustine ọmọ Áfíríkà, ẹni tí gbogbo sẹ́mínárì ń kà, bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn Mani jókòó fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kó tó kúrò, kó sì tó kọjú ìjà sí wọn.

Àwọn Nọ́sítíìkì tó ṣẹ́kù lónìí kì í ṣe ọmọ Mani. Wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ Iráàkì àti ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Iráànì, etí odò ni wọ́n fẹ́ràn láti máa gbé, Mandean lorúkọ wọn, láti inú manda, tó jẹ́ ìmọ̀ lédè Árámáìkì tiwọn. Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń bu ọlá fún. Wọ́n gbà pé ọkàn ti ayé ìmọ́lẹ̀ wá, pé yóò padà kọjá ẹnubodè kan lẹ́yìn ẹnubodè kan. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sódò, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ilẹ̀ Yorùbá á rò pé ìjọ òun ni. Lẹ́yìn ogun 2003, ọ̀pọ̀ wọn sá kúrò ní Iráàkì. Àwọn kan wà ní Ọsirélíà báyìí, ní Sydney, odò Nepean ni wọ́n ti ń ṣèrìbọmi. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tó dúró, omi tó ń ṣàn ni. Odò yòówù kí wọ́n rí, ní ilẹ̀ yòówù kí wọ́n sá dé, Jọ́dánì ni wọ́n ń pè é.